Ta Ló Ra Mọ́tò Pupa Onílẹ̀kùn Méjì Yẹn Fún Ọmọ Rẹ̀?

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò kan ló gbà mí lọ́kàn tí mo fi mú bírò lónìí. Honda Accord ni, ó pupa, ilẹ̀kùn méjì ló ní, irú èyí táwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní kúùpù. Ibì kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tókunbọ̀ nílùú Ìbàdàn ni wọ́n gbé e sí. Ọmọ mi fẹ́ rà á, a lọ wò ó, a ò rà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gba ibẹ̀ kọjá, mo rí i pé àyè tí wọ́n gbé e sí ti ṣófo. Ẹnì kan ti gbé e lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun mi ò ti jinlẹ̀ mọ́, torí mo mọ ohun tí kò sí nínú mọ́tò yẹn. Àwa mẹ́ta péré la sì mọ̀: èmi, ọmọ mi, àti ẹni tó tà á.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló kan obìnrin nínú ọ̀rọ̀ inú mọ́tò. Ẹ̀yà ara mọ́tò tókunbọ̀ ni mò ń tà, ní ọjà Ararọ̀mí, ní Àgódi Gate. Ọkọ mi ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nígbà tó jáde láyé lọ́dún 2009, àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí n ta ọjà inú ẹ̀ kí n lọ máa ta aṣọ, mo ní mi ò lọ. Mo jókòó ti àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, mo ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi lè dá rédíétọ̀ Camry mọ̀ yàtọ̀ sí ti Corolla kí wọ́n tó gbé e dé iwájú mi. Camry Pencil Light, Big Daddy, Muscle. Accord Baby Boy, End of Discussion, Evil Spirit: kò sí èyí tí mi ò tíì ta ìfun rẹ̀ rí.

Dèjì ni àbígbẹ̀yìn mi. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó pé ọdún méjìdínlógún lóṣù kẹta ọdún yìí, ó sì ti rí ilé ìwé wọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti SS1 ló ti ń tún fóònù ṣe, ó ń fi owó rẹ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ṣèlérí pé òun á fi kún un. Bó ṣe di pé ọmọ ní mọ́tò lòun fẹ́ fi owó náà rà nìyẹn, kúùpù sì ni.

Mi ò bínú sí i pé kúùpù ló wù ú. Bàbá rẹ̀ náà fẹ́ràn mọ́tò dénú. Peugeot 504 tó ní, gbogbo àárọ̀ Sátidé ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, á gbé àga síta, á máa wò ó. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà pálapàla. Àwọn kan á ní ọmọ tó bá ń wa kúùpù, ọmọ yahoo ni, àwọn agbófinró a sì máa dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró lójú títì ju ẹlòmíràn lọ. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ, torí mo mọ iye òru tí ọmọ mi fi jókòó ti fóònù tó fọ́ lójú kí owó yẹn tó jọ.

Ọjọ́ Sátidé la lọ wò ó. Ọkùnrin tó ń tà á yá mọ́ni, ó gbé àga fún mi. Ó ní, “Mọ́mì, ọjà yìí mọ́ o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí omi dé ni. 2005 ni, V6, ẹ fọwọ́ kan A-C ẹ̀ kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń tutù.” Ó ṣíná mọ́tò náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì dún dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo wo ojú ọmọ mi. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí èsì JAMB rẹ̀ ti jáde.

Mo ní kí wọ́n pa á. Mo wọlé, mo jókòó sídìí sítíárìn, mo yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí gbogbo iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ti máa ń tàn, mi ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dìde. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe nìyí kí ẹ tó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì kankan. Iná kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ SRS sí, tàbí tí wọ́n ya àwòrán èèyàn tó jókòó sí, tí nǹkan róbótó kan wà níwájú rẹ̀. Iná èèbáàgì nìyẹn, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú jáde bí mọ́tò bá forí gbá nǹkan, kí àyà ẹni tó ń wà á má baà lu sítíárìn. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kí iná náà tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, kó sì kú fúnra rẹ̀. Bó bá tàn tí kò kú, àléébù wà. Bí kò bá wá tàn rárá, ẹ̀rù ni kó bà yín, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ti mọ̀ọ́mọ̀ yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ti mọ́tò pupa yìí ò tàn. Mo pa á, mo tún ṣí i, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò tàn.

Mo wá fi àtàǹpàkò tẹ àárín sítíárìn. Ìdérí èèbáàgì tó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ máa ń gbà díẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Eléyìí le gbandi bí ọmọrí ìkòkò, ẹ sì lè rí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ yíká bí ẹ bá tẹ ojú mọ́ ọn. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ẹni tó máa jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún: awọ ibẹ̀ ń dán ju ti ọwọ́ òsì lọ. Mo fa bẹ́líìtì ìjókòó. Ó dé ìdajì, ó há, kò lọ, kò bọ̀.

Gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Mọ́tò yìí ti forí gbá nǹkan lọ́hùn-ún. Èèbáàgì méjèèjì ti bẹ́, bẹ́líìtì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ti há síbẹ̀. Wọ́n wá na ara rẹ̀, wọ́n kùn ún, wọ́n fi ìdérí òfìfo bo ibi tí èèbáàgì wà. Lójú dígí ẹ̀yìn, ìlẹ̀mọ́ kékeré kan ṣì wà tí oòrùn ti pa láwọ̀, irú èyí tí ilé ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà máa ń fún ọmọ tó bá láṣẹ láti gbé mọ́tò wọ ọgbà. Ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ Dèjì ló ti wà á rí. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ náà ló ti forí gbá nǹkan, mi ò lè sọ. Mo kàn mọ̀ pé mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ìlẹ̀mọ́ yẹn nínú dígí, mi ò sì lè tètè dìde.

Dèjì fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí ọdún mọ́tò náà. Nọ́ńbà kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹ lè kà láti ìta gba inú dígí iwájú, lọ́wọ́ òsì, VIN ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17. Nínú mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún mọ́tò: 3 ni 2003, 5 ni 2005, bó bá wá di 2010 wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí A. Ìkẹwàá tiwa 3 ni. Ọmọ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ọkùnrin náà, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Mo pe ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Kò jiyàn. Ó ní, “Ìyá Dèjì, ọjà la jọ ń tà. Ẹ má fọ́n ọ̀rọ̀ yìí ká.” Mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni mo wá sọ fún yín, torí mo mọ ohun tó ń bá wí nínú rẹ̀. Èmi náà ti ta irú ìdérí yẹn.

Ọmọkùnrin panẹ́ẹ̀lì bítà kan ló kọ́kọ́ wá bi mí fún un ní nǹkan bí ọdún 2012. Ó ní ojú sítíárìn nìkan lòun ń fẹ́, òun ò fẹ́ inú ẹ̀. Mo bi í pé kí wá ni mọ́tò náà máa lò bó bá forí gbá nǹkan. Ó ní ẹni tó ni ín ò ní mọ̀. Mo tà á fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn míì wá, mo sì ń tà á fún wọn, mò ń sọ fún ara mi pé ike lásán ni mo tà, ohun tí wọ́n bá fi ṣe kò kàn mí. Nígbà tí a ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn dé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní ìrọ̀lẹ́, mo kó gbogbo ìdérí tó wà lórí pẹpẹ ẹ̀yìn sílẹ̀. Méje ni wọ́n. Mo fi òòlù fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì rò pé orí mi ti dàrú.

Dèjì ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Aago mọ́kànlá ti kọjá kó tó wá bá mi ní pálọ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀. “Mọ́mì, ẹ wá gbọ́ nǹkan.” Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ ibi tí kò bá yé mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mọ́tò tó bá tilẹ̀ ní èèbáàgì ilé iṣẹ́ nínú náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan ti wà rí ní Japan tó ń jẹ́ Takata, tó máa ń ṣe èèbáàgì fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò, Honda, Toyota, Nissan, BMW, Ford, wọ́n pọ̀. Agolo irin kékeré kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò náà, kẹ́míkà tí wọ́n sì ń fi sínú agolo yìí ni ammonium nitrate, èyí tí wọ́n tún ń fi ṣe ajílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi fọ́ àpáta níbi ìwakùsà. Àwa ará Ìbàdàn mọ ohun tí ohun ìfọ́-àpáta lè ṣe láti alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, tí ilé wó ní Bódìjà, tí gómìnà sì sọ pé ohun ìbúgbàù àwọn awakùsà ló fà á. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń mú kẹ́míkà inú agolo yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń bàjẹ́. Ọjọ́ tí mọ́tò bá wá forí gbá nǹkan, á jó lájójù, agolo á fọ́, irin á fò sí ọrùn àti ojú ẹni tó yẹ kí àpò náà dáàbò bò. Ní Amẹ́ríkà nìkan, irú agolo bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n kó padà wá pààrọ̀ lé ní mílíọ̀nù 60. Takata fúnra rẹ̀ wọko gbèsè lọ́dún 2017.

Lára àwọn tí irú agolo bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ pa ni ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, lóṣù karùn-ún ọdún 2009, ọdún tí ọkọ mi kú. Accord 2001 ló ń wà. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ló wà, ó lọ mú àbúrò rẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ kàn kọ lu òmíràn ni, irú ìkọlù tí àwa níbí á fi bọ́ sílẹ̀, tí a ó pariwo díẹ̀, tí oníkálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Irin inú èèbáàgì ló pa á. Accord àti Civic 2001 àti 2002 yìí wà lára àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ lọ́dún 2016 pé ẹni tí kò bá tíì pààrọ̀ èèbáàgì rẹ̀ má wà á lọ síbì kankan, àfi ibi tí wọ́n á ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ìwé ìkìlọ̀ tó dé ilé ẹni tó ni ín ńkọ́? Ooru àti ọ̀rinrin ni wọ́n ní ó ń ba kẹ́míkà yẹn jẹ́. Bí ẹ bá yọ ìwọ̀nba ọjọ́ ọyẹ́ kúrò, kí ló tún kù ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Kútọnu?

Nítorí náà, bí mọ́tò tí ẹ fẹ́ rà fún ọmọ bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ kọ nọ́ńbà 17 yẹn sílẹ̀, kí ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ sójú ìkànnì àjọ NHTSA, ìyẹn àjọ ààbò ojú pópó ìjọba wọn. Kò gba kọ́bọ̀. Bí ohun kan bá wà tí ilé iṣẹ́ ti ní kí wọ́n gbé e padà wá tún ṣe, tí wọn ò sì tíì tún un ṣe, ó máa ń jáde síbẹ̀. Bó bá sì di pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ èèbáàgì, ẹ má ṣe wá rà á lọ́jà wa. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún yín. Èyí tí a yọ lára mọ́tò míì, àwa tí à ń tà á ò mọ ọdún tó ti lò nínú oòrùn, a ò sì lè fojú rí inú agolo.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa agbára kúùpù náà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. V6 tó wà nínú mọ́tò pupa yẹn, ìyẹn ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́fà, ní agbára ẹṣin 240. Corolla 2003 tí wọ́n fi kọ́ Dèjì ní ìwakọ̀, 130 ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wúwo lórí tọ́tù ni a fẹ́ gbé ìlọ́po méjì díẹ̀ kù fún, kó máa gbé e gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé. Láti ọdún 2012 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo mọ́tò kéékèèké tuntun ní ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ di mọ́tò mú bó bá fẹ́ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ má retí kó wà nínú gbogbo èyí tó ṣáájú ìgbà náà. Ẹ tún wo ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ilé ìwé gíga tó bá ní mọ́tò, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ìwé, òun nìkan kọ́ ló ń bọ̀ wálé. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin á bá a wọ̀ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn kúùpù ò ní ilẹ̀kùn tiwọn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àfi kí ẹni iwájú kọ́kọ́ jáde kó sì dá àga tẹ̀ síwájú. Bí ẹni iwájú ò bá lè jáde ńkọ́? Ìbéèrè tí mo bi Dèjì nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kó fi fóònù sílẹ̀ lọ sùn.

Kò tíì gbàgbé kúùpù o, mi ò sì ní kó gbàgbé. Camry Pencil Light tí mo fi ń kó ọjà ló ń wà báyìí, láàárọ̀ a jọ ń lọ sí Gate, lálẹ́ a jọ ń bọ̀, ó sì ti gba láísẹ́ǹsì tirẹ̀ lọ́dọ̀ FRSC. Mo ń wo bó ṣe ń fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti mọ́tò iwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti ń mọ̀ ọ́n ṣe. A ti fẹnu kò pé bó bá parí ọdún kejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ó jọ jáde lọ wá òmíràn. Accord onílẹ̀kùn méjì ò tán sí 2003, títí di 2017 ni wọ́n ṣe é. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin la ó wá, kì í ṣe V6, kò sì ní dàgbà ju 2012 lọ. Owó rẹ̀ á ju ti mọ́tò pupa lọ fíìfíì. Ọmọ ní òun á máa tún fóònù ṣe lọ.

Ó ku ẹni tó ra mọ́tò pupa. Ìwé ìròyìn yín ń dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ yín kí ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde. Accord pupa, onílẹ̀kùn méjì, ìkẹwàá nínú nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ 3. Ìlẹ̀mọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí wà ní igun ọwọ́ òsì dígí ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì awakọ̀ rẹ̀ há sí ìdajì, àfi bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ rà á, tàbí ẹ mọ ẹni tó rà á fún ọmọ rẹ̀, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dìde, kí ẹ wo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí iná SRS ò bá tàn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà wà á jáde lọ́la. Ẹ wá bá mi ní Ararọ̀mí, kí ẹ béèrè Ìyá Dèjì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta iná iwájú ní ẹnu ọ̀nà. Mo ti bá rewáyà kan tí mo fọkàn tán sọ̀rọ̀, ó ń retí yín. Èmi ni màá san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Dèjì,
Ọjà Ararọ̀mí, Àgódi Gate,
Ìbàdàn.